Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní Èkìtì, láti àkọ́rọ̀ òjò dé ìgbà ọyẹ́: ohun tí wọ́n máa ń bi mí

Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé mi ní Adó-Èkìtì nígbà tí bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ọ̀nà odò. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gbin nǹkan sí i. Mi ò kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àmọ́ àwọn aládùúgbò, àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń gbé nítòsí, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó tí wọ́n ń kọ́lé sílé kì í yé bi mí léèrè, ìbéèrè kan náà sì ni lọ́dọọdún. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ omi ni mo ń sọ nínú èyí tó pọ̀ jù: ibi tó ń gbà lọ nígbà òjò, àti bí a ṣe lè dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn.

Oṣù wo gan-an ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀?

Oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rántí ọgbà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé òjò á kọ́kọ́ rọ̀, onílé á wá sáré wá ọkọ́, á tún máa wá alágbàṣe kiri lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń wá alágbàṣe. Oṣù kejì ni kí ẹ ti ṣán ilẹ̀, kí ẹ kó ìgbẹ́ adìẹ jọ kó lè ráyè jẹrà, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi tó ti yọ sórí òrùlé.

Ní ti gbígbìn fúnra rẹ̀, lọ́dọ̀ wa níbí òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Á pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti dágbére. Apá Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré máa ń tètè rí i ju apá Ọmùó àti Ọ̀tùn lọ, torí pé lápá ọ̀hún, igbó ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀dàn.

Àkọ́rọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni pé ọ̀run ya, inú gbogbo wa á dùn, oòrùn á wá ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Irúgbìn tó ti là á jóná mọ́lẹ̀. Mi kì í gbin nǹkan kan títí òjò á fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò, tí mo rí i pé ó tutù dé ìwọ̀n ọwọ́ kan nísàlẹ̀. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì tún fọwọ́ kan ilẹ̀ yín. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míì.

Ilẹ̀ mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, gbogbo òjò ló ń gbá a lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kó ṣáájú, torí àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ́kun gbígbá ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn ìyá wa nínú. Ìyá tèmi náà, kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ títí á fi máa dán. Àmọ́ ewé tí à ń gbá dànù yẹn ni aṣọ ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń kán sórí ilẹ̀ tó wà níhòòhò, ńṣe ló ń tú u, á gbé èyí tó lọ́ràá lọ, òkúta wẹ́wẹ́ á sì ṣẹ́kù. Ẹ lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ní ìlú yín, bí ìpìlẹ̀ wọn ṣe yọ síta, tí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà fi wá ga ju bí wọ́n ṣe mọ ọ́n lọ. Òjò àti ọwọ̀ ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹ gbá iwájú ilé kí àlejò má bàa bú yín. Ẹ̀yìn ilé, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ebè yín dábùú òkè, kó má bá òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Alágbàṣe á fẹ́ kọ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ má gbà fún un. Poro tó kọjú sí ìsàlẹ̀, gọ́tà lẹ gbẹ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá poro tẹ́jú, ẹ da omi korobá kan sí i. Bó bá dúró síbẹ̀ tó ń rin wọlẹ̀, ó ti dára. Bó bá sáré, ẹ tún un kọ.

Òkúta náà ń bẹ. Níbi tí àpáta Olósùnta àti Orólé dúró sí, ta ni yóò ní òun ò rí òkúta? Ẹ tò ó ní ìlà dábùú ilẹ̀, kó ga dé kókósẹ̀, kí ẹ wá gbin ewé tíì sẹ́yìn rẹ̀. Gbòǹgbò ewé tíì máa ń di ilẹ̀ mú, ẹ ó sì máa rí ewé já sómi lárààárọ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ilẹ̀ tó ń ṣàn wá láti òkè ti kún ẹ̀yìn òkúta tèmi títí ó fi tẹ́jú bí àtẹ̀gùn. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni ilá mi ti ń ṣe dáadáa jù.

Omi òrùlé ló kù. Páànù ilé kan ṣoṣo lè da àgbá omi mélòó kan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ibi kan náà ló sì ń já sí. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún síbẹ̀, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ kó òkúta kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má darí rẹ̀ sí ilé aládùúgbò. Ìjà tí mo ti bá wọn parí lórí omi òjò ládùúgbò wa ju ti ààlà ilẹ̀ lọ.

Yangí ni ilẹ̀ mi, ọkọ́ ò wọ̀ ọ́. Ṣé kí n ra ilẹ̀dú?

Ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Àwọn bàbá wa máa ń gbin ẹ̀fọ́ sórí àkìtàn, ó sì máa ń yọ dáadáa. Àkìtàn ìgbà náà, èèpo iṣu, eérú àti ewé ló wà níbẹ̀. Ti òde òní, bátìrì, ìgò fífọ́ àti ọ̀rá omi ni. Mi ò ní fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbin ohun tí mo máa jẹ.

Ẹ lè fúnra yín ṣe ilẹ̀dú. Ẹ ra ìgbẹ́ adìẹ ní ilé ìsìn adìẹ, ẹ má sì dà á sídìí ẹ̀fọ́ ní tútù, torí ó máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ àti koríko, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ọ̀rá tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó ti jẹrà. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bí kò bá gbóná mọ́, tí kò sì rùn, ó ti tó lò.

Ohun méjì míì wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ ń wò kọjá. Àkọ́kọ́ ni igbó olódòdó rúsúrúsú yẹn tó máa ń kún ẹ̀bá títì bí òjò bá ti ń lọ sópin. Àwọn kan ń pè é ní jogbo, àwọn míì ní agbálẹ̀. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, nígbà tí igi rẹ̀ ṣì rọ̀, kí ẹ ri ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ebè. Ó máa ń tètè jẹrà, ó sì lọ́ràá gidigidi. Èkejì ni eérú èèpo kòkó, ìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú máa ń lò. Pọ́táṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ilá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìkúnwọ́ kan sí bẹ́ẹ̀dì kan ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi kan da garawa kan sí i, ẹ̀fọ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí ọdún fi parí.

Bí yangí náà bá wá le kọjá ohun tí ẹ lè gbẹ́, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga sórí rẹ̀, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù ṣe etí rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ wo ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ?

Tẹ̀tẹ̀. Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má bàa ṣù jọ, ẹ fọ́n ọn, ẹ fi ewé ọ̀pẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ti ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gé e dípò kí ẹ fà á tu, á tún yọ. Ṣọkọ náà kò yàtọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀.

Ilá ni mo máa ń sọ tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe torí èso rẹ̀ nìkan. Àlejò máa ń yanu tó bá gbọ́ pé à ń jẹ ewé ilá. Èkìtì tó gún iyán tí kò rí ìlasa, á jẹ ẹ́ ṣá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Ẹ rẹ irúgbìn ilá sómi mọ́jú, ẹ gbin méjì sí ihò kan, ẹ já ewé orí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń rọ̀. Bí ẹ bá ti ń já a ló ń yọ ẹ̀ka.

Ẹ̀fọ́ tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé Èkìtì ní ni wọ̀rọ̀wọ́. Abẹ́ kòkó ló ń gbé. Òjìji ló fẹ́, ilẹ̀ tútù tí ewé ti jẹrà sí ló sì ń gbé e ró, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbẹ bí ẹ bá gbìn ín sí gbangba oòrùn bíi tẹ̀tẹ̀. Ẹ gé ìtàkùn rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tì í bọlẹ̀ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́yìn ògiri tí oòrùn kì í dé, kí ẹ fún un ní igi tó máa gùn. Owó tí wọ́n ń tà á lọ́jà ti tó ìdí láti gbìn ín.

Úgwú? Ó dára. Ẹ má ṣe sá irúgbìn rẹ̀ sóòrùn. Bí a bá ti yọ ọ́ nínú èso ni ká gbìn ín. Tó bá gbẹ, ó kú nìyẹn.

Mo gbin ewédú lẹ́ẹ̀mejì, kò hù. Ṣé irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Rárá o. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi híhó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́, ẹ rì í sínú omi tútù. Ẹ sá a kó gbẹ díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn, ẹ fọ́n ọn. Ẹ ó ti máa rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló dé tí tòmátì mi máa ń kú ní oṣù keje?

Òjò ni. Tòmátì fẹ́ omi ní gbòǹgbò, kò fẹ́ ẹ lórí ewé. Nígbà tí òjò bá ń lu ilẹ̀, ó ń ta erùpẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ yẹn ló sì ń gbé àrùn wọlé. Ewé á ní àmì dúdú, á pọ́n, á gbẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ tòmátì ní Èkìtì gbọ́dọ̀ bá oṣù kẹfà àti ìkeje ṣe ìfi-mi-sílẹ̀-kí-n-fi-ọ́-sílẹ̀: kó ká a kí òjò tó gbóná, tàbí kó gbìn ín kí ó lè so nígbà tí òjò ń lọ.

Mo máa ń fọ́n irúgbìn sínú ọpọ́n ní ìparí oṣù keje, mo sì máa ń ṣí i lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ìparí oṣù kẹjọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo máa ń fi igi gbé e ró, mo fi koríko gbígbẹ tẹ́ ìdí rẹ̀ kí òjò má bàa ta erùpẹ̀, mo sì ń já gbogbo ewé tó bá kan ilẹ̀. Mi kì í gbin tòmátì síbi tí tòmátì, ata tàbí igbá ti wà lọ́dún tó kọjá, torí ọmọ ìyá ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń bá wọn jà.

Àrùn kan wà tó yàtọ̀ sí èyí. Tòmátì á tutù dáadáa láàárọ̀, á rọ jọwọlọ lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ewé rẹ̀ pọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ó ti kú. Ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ fi í sínú ife omi tó mọ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ń ṣàn jáde lára rẹ̀ bí èéfín, kò sí òògùn rẹ̀. Ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò, ẹ sun ún, kí ẹ má gbin ìran tòmátì síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àgbàdo tàbí tẹ̀tẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá èyí ni Ebola tòmátì tó jẹ́ kí owó tòmátì fò sókè lọ́dún 2016. Òun kọ́. Ti ọdún yẹn, kòkòrò ni, labalábá kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ inú ewé àti èso. Oko òkè Ọya lọ́hùn-ún ló bà jẹ́ jù.

Ata rodo mi ń yọ òdòdó, òdòdó ń rẹ̀ dànù.

Ohun méjì ló máa ń fà á. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejì sí ìkẹta, ooru ni: ẹ máa bomi rin ín, ẹ bo ìdí rẹ̀, ẹ ní sùúrù de òjò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò tí ewé rẹ̀ ń tutù bí nǹkan míì, ajílẹ̀ yúríà ti pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ẹ dá a dúró.

Ewúrẹ́ aládùúgbò ò jẹ́ kí n gbádùn.

Mo bá yín kẹ́dùn. Mo ti lọ bá olówó ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ rí. Ó ní ewúrẹ́ òun kì í jẹ̀ kọjá ilé òun, ewúrẹ́ náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ ewé úgwú mi lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ gbin ọgbà láti ara igi. Pèrègún àti lápálápá ni mo tì bọlẹ̀ ní oṣù kẹrin, ní ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn, mo fi ọparun dá wọn pọ̀. Ewúrẹ́ kì í jẹ lápálápá. Òjò ọdún kan ti tó kó di ògiri. Àmọ́ bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ fi pèrègún nìkan ṣe é, torí májèlé ni kóró lápálápá, ó sì ń jọ ẹ̀pà lójú ọmọdé.

Ti adìẹ, imọ̀ ọ̀pẹ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ̀fọ́ bá ti fìdí múlẹ̀, adìẹ ò ní lè hú u mọ́.

Tata ń jẹ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn. Òògùn wo ni kí n fín?

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ òògùn, ẹ wá ẹyin rẹ̀. Tata aláràbarà tó ń rùn yẹn máa ń kóra jọ yé sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igbó tó ní òjìji, pàápàá abẹ́ ewé Akíntọ́lá. Ibi kan náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn máa ń pàdé sí, ẹ ó sì rí i pé wọ́n rọ́ jọ. Ẹ fi òkúta sàmì síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ọkọ́, ẹ tú ilẹ̀ náà sókè dé ìwọ̀n ìka ọwọ́, kí oòrùn pa ẹyin náà. Èyí tí ẹ kò bá tú ni yóò pa ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, tí yóò sì wá bá yín jẹun ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àdúgbò kan bá pawọ́ pọ̀ ṣe é lọ́jọ́ kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn.

Fún kòkòrò kéékèèké ara ewé, ẹ gún ewé dongoyaro, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ fín in ní ìrọ̀lẹ́. Òjò á wẹ̀ ẹ́ kúrò, nítorí náà ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Eérú tí a kù sórí ewé náà máa ń lé wọn.

Òtápíàpíà ńkọ́? Aládùúgbò mi ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ó ń ṣiṣẹ́ lára kòkòrò, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ náà. Ẹ má fi òògùn eku àti ẹ̀fọn sórí ohun jíjẹ láéláé. Òògùn apakoríko náà, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. NAFDAC ti fòfin de Paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, torí ẹnu kékeré tí èèyàn bá ṣèèṣì gbé mì nínú rẹ̀ lè gbẹ̀mí, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ìgò rẹ̀ àtijọ́ nílé, ẹ má fi bu epo tàbí omi. Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì kò tóbi ju ohun tí ọkọ́ lè ro.

Kí là ń ṣe ní oṣù kẹjọ tí òjò bá dáwọ́ dúró?

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sinmi, èmi kì í sinmi nígbà náà. Ìgbà náà ni ilẹ̀ tutù tí kò sì rin gbingbin, ọkọ́ á wọlé bí ọ̀bẹ nínú mọ́ínmọ́ín. Mo máa ń tún ebè kọ, mo máa ń ro koríko kó tó so irúgbìn, mo sì máa ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà kejì. Àgbàdo yẹn, ẹ máa yẹ ọkàn rẹ̀ wò láràárọ̀. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dé sí wa, inú ọkàn àgbàdo ló ń fara pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí ewé tó lu jára àti ohun tó dà bí iyẹ̀fun igi níbẹ̀, ẹ mú un pa, tàbí kí ẹ bu ìkúnwọ́ yanrìn pẹ̀lú eérú sínú ọkàn rẹ̀. Nínú oko ńlá ìyẹn nira. Lẹ́yìn ilé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Omi kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ ní oṣù kejì. Ṣé mo lè ṣe ọgbà lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan ń fẹ́ bíi lítà 5 lójúmọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mítà mẹ́rin, korobá lítà 20 kan lójúmọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá nígbà òjò, ẹ fi mẹ́jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tọ́jú méjì. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kì í rí ọ̀kan jẹ.

Méjì yẹn, ẹ jẹ́ kí ojú wọn wọ ilẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n má ga bíi ti ìgbà òjò, kí omi lè dúró níbẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ nípọn dé ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Bí ikán bá wà ní àdúgbò yín, ẹ wọ́n eérú sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bomi rin ín ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kó sì rin dénú. Omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti wà lókè ni. Omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì, inú ọgbà ni. Ti ọṣẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fọ́ wa létè náà ló ń fa omi lára ewé. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ààbò sí apá àríwá bẹ́ẹ̀dì, torí ibẹ̀ ló ti ń fẹ́ wá.

Ẹni tó bá sì ní akúrọ̀, kò bèèrè ìbéèrè yìí. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n pa ilẹ̀ etí odò mọ́ fún oṣù kejìlá sí ìkẹta. Tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n l'Ọ́jà Ọba, akúrọ̀ ni èyí tó wà lórí àtẹ ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lókè odò náà kí ẹ tó yá ibẹ̀. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò tàbí láti ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́, ẹ̀fọ́ kò ní sẹ́ ẹ mọ́ fún yín.

Máńgòrò wà lẹ́yìn ilé mi, ó ga ju òrùlé lọ. Ṣé kí n gé e?

Ẹ má gé e lulẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó yọ sórí páànù àti èyí tó ti gbẹ, kí ẹ sì ṣe é kí oṣù kẹta tó dé. Òjò àkọ́rọ̀ kì í wá lásán. Ìjì ló máa ń síwájú rẹ̀, ìjì yẹn ló sì máa ń ṣí òrùlé ilé àti ilé ìwé lọ́dọ̀ wa. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gé. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ayùn gé díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka kó tó gé e láti òkè, kí ó má bàa ya èèpo igi lọ. Tí wáyà iná bá kọjá nítòsí, ẹ sọ fún àwọn oníná kẹ́ ẹ tó gbé àdá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbin igi, kó fi ilé sílẹ̀ tó mítà mẹ́wàá fún máńgòrò, kó má sì gbìn ín sídìí sọ́kàwéè. Ọsàn àti gúáfà lè súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ọsàn tí wọ́n ti so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí òmíràn, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin á so. Èyí tí ẹ bá gbìn láti kóró lè jẹ́ kí ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n wọ ilé ìwé girama. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ mú èyí tí ewé rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré kò ní agbára.

Koríko iwájú ilé mi ti di pípọ́n látìgbà ọyẹ́. Ṣé ó ti kú ni?

Ó ń sùn ni. Ẹ má sun ún, ẹ má sì fi ọkọ́ ro ó. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí omi bá wà. Bí kò bá sí, òjò á jí i. Nígbà òjò, ẹ má gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kó ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí èkan má bàa ráyè wọlé. Èkan tó bá wọlé, gbòǹgbò rẹ̀ lẹ máa wú. Gígé lórí ò dùn ún.

Ayálégbé ni mí, yàrá kan àti pálọ̀.

Àpò ìrẹsì, korobá tó ti là, táyà àtijọ́. Ẹ lu ihò sí ìdí wọn. Àpò kan gba ata rodo kan tàbí efinrin kan. Ẹ lè gbin iṣu pàápàá sínú àpò ńlá: ẹ gé ojú iṣu kan, ẹ fi eérú ra ojú ibi tí ẹ gé, ẹ ri í, ẹ fún un ní igi. Iṣu inú àpò kì í tóbi tó ti inú ebè, a sì máa gún un náà. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sínú táyà tó ṣófo, ilé ẹ̀fọn nìyẹn.

Ejò ńkọ́?

Ejò ń tẹ̀ lé eku, eku ń tẹ̀ lé ìdọ̀tí. Ẹ má to búlọ́ọ̀kù àti igi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ ń rìn mọ́, ẹ wọ bàtà òjò bí ẹ bá ń já ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣán èèyàn, ilé ìwòsàn tààrà. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú irúgbìn di ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ fi igi tó dára jù sílẹ̀ láìjá a, ẹ má fi èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ èyí tó dára tán ṣe irúgbìn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí igi ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a sí òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi eérú gbígbẹ bo orí rẹ̀, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti iná ìdáná kì í dé. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára o. Lọ́dún kan, mo fọ́n bẹ́ẹ̀dì méjì tán, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, mo ti ń ṣèlérí tẹ̀tẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Efinrin ló hù.